Fíìsì Lára Raleigh Bàbá Wa

Ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, ẹ̀yin ti Òkèhò àti Òtu, ẹ̀yin ti Tedé, Àgọ́-Àrẹ, Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rì, Ìgbòho àti Kìṣí, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo gbé wá lónìí. Mo mọ̀ pé ọ̀kadà ló gba ìgboro, tí ó sì gba ọ̀nà oko pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ fún mi létí díẹ̀.

Ẹ lọ wo ẹ̀yìn ilé yín. Ó ṣeé ṣe kí Raleigh kan fara ti ògiri níbẹ̀, tàbí Rudge, tàbí Hercules, tàbí Phillips. Irú kẹ̀kẹ́ tí olùkọ́ ń gùn lọ sí ilé ìwé nìyẹn, tí wolé-wolé ń gùn láti agboolé dé agboolé, tí àgbẹ̀ sì ń di iṣu mọ́ káríà rẹ̀ bọ̀ wálé. Táyà rẹ̀ ti jẹrà, awọ ìjókòó ti ya, ṣéènì ti dípẹtà, fíríwíìlì ẹ̀yìn ti gan. Àwọn tó ń fi ọmọlàńkẹ́ kiri ra àlòkù irin á fẹ́ gbé e sórí ìwọ̀n. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì tà á. Ohun tó kú lára rẹ̀ kò pọ̀. Férémù rẹ̀ kò kú.

Orí férémù yẹn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé: bí a ṣe lè fi ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn tí kò ní fíríwíìlì sí i. Gbogbo wa mọ fíríwíìlì. Òun ló ń jẹ́ kí èèyàn gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà jẹ́ẹ́ nígbà tí kẹ̀kẹ́ ń yí lọ, tí a ó sì máa gbọ́ tí ẹ̀yìn ń ké kẹ́kẹ́kẹ́. Èyí tí mo ń wí kì í ké. Sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn irin eléyín tí ṣéènì ń wọ̀ lẹ́yìn, di mọ́ họ́ọ̀bù àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ pátápátá. Bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá ń yí, pẹ́dà ń yí, ẹsẹ̀ tìrẹ náà ń yí. Bí o bá fi ẹsẹ̀ tako pẹ́dà, kẹ̀kẹ́ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀rìn. Fíìsì ni àwọn tó ń gùn ún ń pè é, èmi náà á sì máa pè é bẹ́ẹ̀.

Kí la fẹ́ fi ṣe? Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Paris. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, níbi ìdíje Òlíńpíìkì, ọmọbìnrin Nàìjíríà kan tó ń jẹ́ Ese Lovina Ukpeseraye gun kẹ̀kẹ́ fún wa. Eré ojú títì ni ó bá dé ibẹ̀. Nígbà tí àyè ṣí fún un láti díje nínú pápá olóbìírípo náà, àkókò ti kéré jù, kò sì sí kẹ̀kẹ́ pápá lọ́wọ́ ikọ̀ Nàìjíríà. Àwọn ará Jámánì ló yá a ní tiwọn. Ó gùn ún, ó díje, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní gbangba kí gbogbo ayé gbọ́. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n yá a yẹn, fíìsì ni. Kò ní fíríwíìlì, kò sì ní bíréèkì, nítorí bẹ́ẹ̀ ni òfin eré inú pápá ṣe wí níbi gbogbo lágbàáyé.

Orúkọ ọmọbìnrin yẹn kì í kúrò lọ́kàn mi. Nàìjíríà ní pápá kẹ̀kẹ́ ní Àbújá. Nítorí Eré Gbogbo Áfíríkà ti ọdún 2003 ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Pápá ńkọ́? Ó wà. Àwọn ọmọ tí fíìsì ti mọ́ lẹ́sẹ̀ láti kékeré ló ṣọ̀wọ́n. Àwọn ọmọ wa níhìn-ín sì ń gun kẹ̀kẹ́ àgbà láti ìgbà tí ẹsẹ̀ wọn kò tíì kan ilẹ̀, wọ́n ń ki ẹsẹ̀ kan bọ abẹ́ pólù, wọ́n ń sáré lórí yanrìn. Kẹ̀kẹ́ pápá gidi wọ́n ju agbára òbí wọn lọ. Férémù bàbá àgbà kò wọ́n, ó wà nílé. Ẹni tó bá ti kọ́ bí a ṣe ń gun fíìsì lórí Raleigh, tí itan rẹ̀ ti mọ̀ pé kò sí ìsinmi, kò ní jẹ́ àjèjì bí wọ́n bá gbé kẹ̀kẹ́ pápá fún un lọ́la. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ̀rọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àjèjì ni nǹkan yìí lára kẹ̀kẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo kẹ̀kẹ́ ṣe rí níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí J. K. Starley gbé kẹ̀kẹ́ Rover jáde ní ìlú Coventry ní ọdún 1885, èyí tí ẹsẹ̀ méjèèjì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba tí ṣéènì sì ń fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kò sí fíríwíìlì lára rẹ̀. Ó di nǹkan bí ọdún 1900 kí fíríwíìlì tó wọ́pọ̀. Àní nínú eré ìje kẹ̀kẹ́ Tour de France, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1903, wọn kò gba ẹ̀rọ tó ń pààrọ̀ gíà láyè títí di ọdún 1937. Ohun tí àwọn tó ń díje nínú rẹ̀ ń ṣe ṣáájú ìgbà náà ni pé sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì wà ní ọ̀tún àti òsì ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá dé ẹsẹ̀ òkè, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á tú nọ́ọ̀tì, wọ́n á yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ padà kí èyí tí eyín rẹ̀ pọ̀ lè bọ́ sí ọ̀dọ̀ ṣéènì, wọ́n á sì máa gùn ún lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká fọwọ́ kan irin. Ẹ dojú kẹ̀kẹ́ náà dé, kí ó dúró lórí ìjókòó àti ọwọ́ rẹ̀. Ẹ tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kúrò, kí ẹ wo ihò tí ásù ń wọ̀. Lára férémù àtijọ́, ihò náà gùn, ó sì dùbúlẹ̀. Èèyàn lè fa ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn kí ṣéènì le, tàbí kí ó tì í síwájú kí ó dẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tuntun, ihò yẹn dúró ṣánṣán, ásù kò ní ibi tí yóò sún sí. Nǹkan kékeré ló dà bíi pé èyí jẹ́, ṣùgbọ́n òun ló gbé gbogbo iṣẹ́ yìí ró. Fíìsì kò gbọdọ̀ ní irin kékeré tí í máa fa ṣéènì nísàlẹ̀, nítorí bí ẹsẹ̀ bá tako pẹ́dà, ìsàlẹ̀ ṣéènì ni agbára ń gbà, yóò sì ba irin náà jẹ́. Ásù tó lè sún la fi ń mú ṣéènì le. Férémù tí àwọn ọ̀dọ́ ìlú òyìnbó ń wá kiri láti fi ṣe fíìsì, irú èyí tó wà lẹ́yìn ilé yín ni.

Ẹ wá wọn àyè tó wà láàárín apá méjèèjì férémù, nínú, níbi tí họ́ọ̀bù yóò jókòó sí. Lára Raleigh àtijọ́, mìlímítà 110 sí 114 ló sábà máa ń jẹ́. Họ́ọ̀bù fíìsì jẹ́ 120. Irin máa ń gbà kí a ṣí i díẹ̀, mìlímítà mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Alumíníọ̀mù kì í gbà, ó máa ń là. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi mágínẹ́ẹ̀tì kan férémù náà: bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Ọ̀tún àti òsì gbọ́dọ̀ ṣí dọ́gba. Ẹ wá òwú tó le, irú èyí tí kò wọ́n ní agboolé aláṣọ òkè kankan ní Ìsẹ́yìn. Ẹ so ó mọ́ ihò ásù lọ́tùn-ún, ẹ fà á lọ síwájú, ẹ yí i ká ọrùn férémù níbi tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ti ń wọlé, kí ẹ sì fà á padà wá sí ihò òsì. Ẹ wá fi rúlà wọn àyè tó wà láàárín òwú àti pólù tí ìjókòó wà lórí rẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì. Bí méjèèjì bá dọ́gba, férémù náà gún. Bí wọn kò bá dọ́gba, apá kan ló ṣí ju èkejì lọ, ẹ gbọ́dọ̀ tún un tẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀síwájú.

Bí ásù tuntun bá tóbi ju ihò lọ, ẹ fi fáìlì ha ẹnu ihò díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ha ásù.

Ti rímù wá ṣòro díẹ̀, ọgbọ́n kan sì wà níbẹ̀ tó dùn mọ́ mi gan-an. Àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí a máa fi sípókù 40 sí ẹ̀yìn, 32 sí iwájú. Họ́ọ̀bù fíìsì tí wọ́n ń tà lóde òní, ihò 32 tàbí 36 ló sábà ń ní. Rímù ẹ̀yìn àtijọ́ kò lè bá a lọ. Ẹlòmíràn á sọ pé ká kúkú ra rímù tuntun ti kẹ̀kẹ́ eré ìje, èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 622. Ṣùgbọ́n ti Raleigh onítáyà ínṣì 28 jẹ́ 635, bíréèkì ọ̀pá rẹ̀ sì ń gbá inú rímù mú láti ọ̀nà họ́ọ̀bù. Bí rímù bá kéré sí i, bíréèkì náà kò ní bá a mọ́. Kí la ó ṣe? Ẹ wá rímù iwájú láti ara kẹ̀kẹ́ mìíràn tó ti kú. Ihò 32 ló ní, ìwọ̀n rẹ̀ kan náà ni, bíréèkì yín á sì máa ṣiṣẹ́ lọ bí ó ti ń ṣe. Ọmọdé tàbí ọ̀dọ́ tó ń kọ́ eré, sípókù 32 á gbé e. Kò sì gbọdọ̀ di àpò gàrí mọ́ káríà rẹ̀.

Mo ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ dákẹ́ gbọ́ èyí dáadáa.

Ara họ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ lásán ní téèdì kan ṣoṣo níbi tí fíríwíìlì ń wọ̀. Ínṣì kan àti ìdá 37 nínú 100 ni ìbú rẹ̀, pẹ̀lú ẹsẹ téèdì 24 nínú ínṣì kan. Téèdì sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì fíìsì náà kò yàtọ̀ sí èyí. Nítorí náà sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì á wọ ara họ́ọ̀bù àtijọ́ wẹ́rẹ́, ayọ̀ á sì kún inú ẹni tó ń ṣe é. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Bí o bá ń wa pẹ́dà síwájú, ìgbà gbogbo ni sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì ń le sí i, bí ìgbà tí a ń dé ìdérí ìgò. Bí o bá fi ẹsẹ̀ tako pẹ́dà láti dúró, ṣe lo ń ṣí i. Ní ọjọ́ tí o bá nílò rẹ̀ jù lọ, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, níwájú màlúù, yóò tú mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, pẹ́dà á máa yí lófo.

Họ́ọ̀bù fíìsì gidi ní téèdì kejì lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ó kéré sí i díẹ̀, òsì ni ó sì ń yí sí. Rìǹgì kan ń wọ ibẹ̀ tó ń ti sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì pa. Nígbà tí sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì bá fẹ́ tú lọ sẹ́yìn, ó ń fa rìǹgì náà lọ sí ọ̀nà tí rìǹgì fi ń le. Gbogbo ohun tó ń dáàbò bo ẹni tó gun fíìsì wà nínú rìǹgì kékeré yẹn. Bí owó yín kò bá pọ̀, rírà họ́ọ̀bù yẹn ni kí ẹ fi í ṣe. Férémù, ìjókòó, mọ́dígáàdì, gbogbo ìyókù lè jẹ́ àlòkù. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Pólì Ṣakí, àti ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ léètì ní ṣọ́ọ̀bù, ó tó kí ẹ ronú lé e bóyá ẹ lè gbẹ́ irú họ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Ínṣì kan àti ìdá 29 nínú 100 ni téèdì rìǹgì náà, ẹsẹ 24 nínú ínṣì, òsì.

Wẹ́dà á sì wà nítòsí. Ó ṣèèyàn, ó fẹ́ ran yín lọ́wọ́, á ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e wá jàre, ẹ jẹ́ n bá yín jó fíríwíìlì yẹn pa, ìṣẹ́jú márùn-ún ni.” Ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé rárá. Iná á ba líle irin inú fíríwíìlì jẹ́. Bí ó bá tilẹ̀ jó o dáadáa, téèdì tó so fíríwíìlì mọ́ họ́ọ̀bù ṣì jẹ́ ti ọ̀tún nìkan, kò sì sí rìǹgì lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ á jùmọ̀ tú ní ọjọ́ kan náà. Bí wọ́n bá sì ní àwọn á jó o mọ́ họ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, mo tún ní rárá: iná yẹn lè tẹ ara họ́ọ̀bù, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kò sì ní yí gún mọ́.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ṣéènì. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ àti fíìsì ń lo irú ṣéènì tó nípọn kan náà, ìdá kan nínú mẹ́jọ ínṣì, nítorí náà ẹ kò ní ṣe wàhálà púpọ̀. Rìǹgì eléyín iwájú àti sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan. Ẹ lọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, kí ẹ di ojú kan, kí ẹ wo ṣéènì láti ẹ̀yìn lọ sí iwájú. Bí ó bá wọ́, ẹ fi wáṣà sórí ásù, láàárín họ́ọ̀bù àti férémù, kí ẹ sún un. Ẹ wá fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sẹ́yìn títí ṣéènì yóò fi le. Kò gbọdọ̀ le bíi okùn gángan. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ láàárín: kí ó lọ sókè sódò tó nǹkan bí ìdajì ínṣì. Rìǹgì iwájú àtijọ́ kì í sábà yípo tán, nítorí náà ẹ máa yí pẹ́dà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì fi ibi tí ṣéènì ti le jù ṣe òdiwọ̀n. Bí ó bá dẹ̀ jù, yóò bọ́, á há sáàárín sípókù, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á sì dúró gbagidi lójijì.

Ìka ọwọ́ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí lọ́kàn kí n tó sọ ọ́. Bí kẹ̀kẹ́ bá ní fíríwíìlì, tí aṣọ tàbí ìka bá kó sí ṣéènì nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń yí lásán, ṣéènì lè dúró. Ti fíìsì kì í dúró. Ìwúwo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó ń yí ló ń fa ṣéènì, kò mọ̀ bóyá àkísà ni tàbí ìka. Àwọn kan tó ti gun fíìsì fún ọ̀pọ̀ ọdún ti pàdánù ìka báyìí níbi tí wọ́n ti ń fi àkísà nu ṣéènì. Ẹ má ṣe dojú kẹ̀kẹ́ dé kí ẹ máa yí i, kí ẹ wá máa nu ṣéènì. Kí ó dúró ni kí ẹ tó nù ún. Ọmọ kékeré kò gbọdọ̀ wà nítòsí rárá. Bí bódì tó bo ṣéènì bá ṣì wà lára Raleigh yín, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ má yọ ọ́ nítorí oge. Ẹ ká ṣòkòtò sókè, ẹ fi rọ́bà dè é. Agbádá àti ìró kò gbọdọ̀ gun kẹ̀kẹ́ yìí.

Eyín mélòó ni kí ẹ fi sí i? Raleigh sábà máa ń ní eyín 46 tàbí 48 níwájú, 18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ lẹ́yìn. Pẹ̀lú táyà ínṣì 28, 48 sí 18 ń gbé yín lọ tó nǹkan bíi mítà mẹ́fà ní ìyípo pẹ́dà kan. Ó dùn lórí ọ̀dà tó tẹ́jú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tiwa kò tẹ́jú. Ẹni tó mọ ọ̀nà Adó-Àwáyè, tàbí tó ti wo òkè Aṣábàrí láti ìsàlẹ̀ ní Ṣakí, mọ ohun tí mò ń wí. Mo fẹ́ràn 44 sí 20 fún ọmọ tó ń kọ́ ọ: ìyípo kan kò tó mítà márùn-ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì lè gun òkè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ti ìsọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú. Bí kẹ̀kẹ́ náà bá ń sáré kìlómítà 30 ní wákàtí kan, pẹ́dà á máa yí ní ìgbà 100 àti díẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹsẹ̀ lè bá a. Bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bá gbé e dé 50, ó di ìgbà 170 ní ìṣẹ́jú kan, ẹsẹ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kò ní lè bá a, pẹ́dà á sì ju ẹsẹ̀ náà nù.

Ìdí nìyí tí n kò fi ní gbà kí ẹnikẹ́ni yọ bíréèkì kúrò. Inú pápá ni kẹ̀kẹ́ ti lè wà láìní bíréèkì, nítorí gbogbo wọn ló ń lọ sí ọ̀nà kan náà, tí kò sí ewúrẹ́, tí kò sí ọkọ̀ tírélà. Lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Ṣakí, bíréèkì iwájú àti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ kí fíìsì tó jáde nílé.

Pápá ilé ìwé tó tẹ́jú ni kí ọmọ ti kọ́kọ́ gùn ún, kí àgbàlagbà kan sì wà níbẹ̀. Kí ó má sáré. Kí ó kọ́ láti máa wa pẹ́dà nígbà gbogbo, pàápàá bí ó bá ń yí kọ́nà, kí ó má sì tẹ̀ jù níbẹ̀, nítorí pẹ́dà inú lè gbá ilẹ̀. Kí ó kọ́ bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ mú kí kẹ̀kẹ́ dẹ̀rìn díẹ̀díẹ̀, láìfipá ṣe é. Ẹ̀yin olùkọ́ eré ìdárayá ní àwọn ilé ìwé wa, bí ẹ bá lè ní ìkan ṣoṣo irú kẹ̀kẹ́ yìí ní ilé ìwé yín, ọmọ mélòó ni yóò ti mọ̀ ọ́n gùn kí ọdún tó yípo!

Ní ọjọ́ tí ẹ bá tò ó pọ̀ tán, ẹ fi gíríìsì díẹ̀ sí téèdì méjèèjì, ẹ fi sípánà lọ́ sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì dáadáa, kí ẹ sì lọ́ rìǹgì lé e. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó lágbára gùn ún lọ sókè òkè kékeré kan láìtako pẹ́dà rárá, kí sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì lè le dé ibi tó yẹ kó le dé. Kí ó sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè náà, kí ó fi ẹsẹ̀ rìn padà. Ìgbà náà ni kí ẹ tún rìǹgì náà lọ́. Ẹ ó rí i pé ó tún gbà díẹ̀ sí i. Kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, òun àti nọ́ọ̀tì ásù méjèèjì.